Bí A Ṣe Lè Tètè Mọ̀ Pé Kóró Àrẹ́kà Ti Ń Mú Inú Ẹnu Le

Kóró àrẹ́kà kì í ṣe obì tiwa. Orí igi kan tó jọ ọ̀pẹ ló ń so sí, ní Éṣíà àti Papua New Guinea. Ní Íńdíà, wọ́n máa ń wé e sínú ewé betel pẹ̀lú ẹfun sísun, tàbí kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá pélébé, ìyẹn gutkha tó ní tábà tàbí pan masala. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́ gbà pé tábà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn nìkan ló léwu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ní 2004, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka kóró náà fúnra rẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Èròjà arecoline tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú kí abẹ́ awọ ẹnu máa hun fọ́nrán kọ́lájìn, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ara ró, ju bó ṣe yẹ lọ. Tánínì inú kóró náà ń so àwọn fọ́nrán yìí pọ̀ débi pé ara kò lè tú wọn palẹ̀ mọ́, èròjà bàbà (copper) tó wà nínú rẹ̀ sì ń ran ìsopọ̀ náà lọ́wọ́, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yẹ kó máa nà yóò fi le bí awọ tí a kàn mọ́ ìlù. Oral submucous fibrosis ni àwọn dókítà ń pe àrùn yìí.

Ata ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí: ọbẹ̀ tí kò ta ènìyàn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lẹ́nu. Kí ẹni tó ń jẹ àrẹ́kà fọwọ́, kó dúró níwájú dígí, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó sì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn wò bóyá ibì kan ti funfun. Kó fi ìka tẹ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí nígbà mìíràn ọwọ́ máa ń kan ohun tó nà gbọọrọ bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Lẹ́yìn èyí, kó la ẹnu dáadáa, kó sì to ìka mẹ́ta léra wọn sáàárín eyín iwájú tòkè àti tìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá wọlé, tàbí tí rúlà fi hàn pé àlàfo náà kò tó mìlímítà 35, kó lọ rí dókítà eyín láìjáfara.

Kó tún jáwọ́ nínú àrẹ́kà pátápátá. Yíyípadà sí èyí tí kò ní tábà kì í ṣe ìwòsàn. Dókítà lè gún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, kó fi eré ìdárayá ẹnu kọ́ ọ, tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ibi tó ti le kì í sábà padà sípò. Àyẹ̀wò kò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, nítorí nínú ìwádìí ọdún 17 kan ní Íńdíà, ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àrùn yìí ló padà ní jẹjẹrẹ ẹnu. Egbò tí kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò ṣeé fojú fò.

Níbi tí àwọn oníṣègùn kì í ti í sábà rí àrùn yìí, kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ irú àrẹ́kà tó ń jẹ àti iye ọdún tó ti ń jẹ ẹ́, kí wọ́n má baà rò pé eegun àgbọ̀n ni kò jẹ́ kí ẹnu là dáadáa, kí wọ́n wá máa tọ́jú eegun tí kò lárùn kankan.