Àtẹ̀gùn 533 tí mo gùn ní Kàtídírà Cologne

Tí èèyàn bá ti jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá ní Cologne, lórílẹ̀-èdè Jámánì, kò tún béèrè ọ̀nà mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ti dúró síwájú rẹ̀ gàgàrà, dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé iná ogun ló jó o. Àbúrò mi tó ń gbé ìlú náà ní rárá, èéfín àti òjò ló sọ òkúta rẹ̀ di dúdú. Bọ́ǹbù 14 bà á lóòótọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àmọ́ kò wó.

Ilé ìṣọ́ apá gúúsù ni àlejò máa ń gùn. A ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, 533 ni o. Ṣé ẹ máa lè gùn ún?"

Mo ní kó bọ́ síwájú jàre.

Àtẹ̀gùn náà yí po bí ìkarahun ìgbín, ó sì há. Ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń sọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pàdé, ńṣe la kàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo kà á dé 120, mo fi kíkà sílẹ̀. Màmá kan tó jù mí lọ dáadáa kọjá lára mi, kò tilẹ̀ mí gúlegúle. Ojú tì mí.

Níbi tí agogo wà la ti sinmi. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀, tí wọ́n rọ ní 1923, wúwo tó tọ́ọ̀nù 24. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Dicker Pitter, ìyẹn Pítérù Alára Ńlá. Mo dúró wò ó títí. Kì í ṣe nítorí agogo o, orúnkún mi ló ní kí n dúró.

Lókè, nǹkan bíi mítà 100 sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń wọ́ lórí afárá odò Rhine bí ọ̀kùn. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ fún mi pé 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yìí, pé iṣẹ́ dúró ní nǹkan bí 1560, tí ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fa òkúta sì wà lórí kùkùté ilé ìṣọ́ yìí gan-an fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. 1842 ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n parí ẹ̀ ní 1880. Mo rántí ilé alájà kan ládùúgbò wa tá a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò parí láti ogún ọdún. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ la tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni mi ò bá kọ́kọ́ wọ̀. Àpótí wúrà kan wà lẹ́yìn pẹpẹ, tí wọ́n ní egungun àwọn Amòye tó wá kí Jésù lọ́mọdé ló wà nínú ẹ̀. Fèrèsé tí Gerhard Richter, ayàwòrán ará Jámánì, yà, tí wọ́n ṣí ní 2007, ló wá dá mi dúró: gíláàsì kéékèèké tó lé ní 11,000, oríṣi àwọ̀ 72. Oòrùn gba inú rẹ̀ wọlé, ó da pupa àti àwọ̀ ewé sórí bàtà mi.

Lọ́jọ́ kejì, ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé àbúrò mi.