Bí a ṣe ń so iṣẹ́ àtúnṣe bàálù pọ̀ nínú ètò orí kọ̀ǹpútà

Nígbà tí a bá gbé àkójọ iṣẹ́ C-check (àyẹ̀wò àti àtúnṣe ńlá inú hángà) bàálù bíi Boeing 737 lé olùṣètò iṣẹ́ lọ́wọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún káàdì iṣẹ́ ni yóò bá nínú rẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan yóò sọ ohun tí ẹnjiníà máa ṣe, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní sọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì. Olùṣètò ló ni iṣẹ́ yẹn. Yálà Microsoft Project ló ń lò, tàbí Primavera P6, tàbí AMOS, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé bàálù kò lè ká ẹsẹ̀ sókè nígbà tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ náà dúró nílẹ̀. Ohun tí a bá so pọ̀ ni yóò tẹ̀ lé. Èyí tí a kò bá so, yóò kàn tò ó sí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni.

Kí ẹ tó so káàdì méjì pọ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí a bá ṣe èyí ẹ̀yìn ṣáájú, kí ni yóò bàjẹ́, ta ni yóò fara pa, tàbí iṣẹ́ wo ni a máa tún ṣe? Bí ìdáhùn bá wà, ẹ so wọ́n. Bó bá jẹ́ pé “bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn” ni ìdáhùn tí ẹ rí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe so káàdì méjì pọ̀ nítorí pé ẹnì kan náà ni yóò ṣe méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àìtó òṣìṣẹ́ nìyẹn, ibi tí a ti ń pín òṣìṣẹ́ nínú ètò náà ni ó sì yẹ kí ó wà, nítorí pé lọ́jọ́ tí a bá rí ẹnìkejì, okùn tí kò nídìí yẹn ni yóò jẹ́ kí ó káwọ́ gbera, kí káàdì tó yẹ kó ṣe máa wò ó.

Ibi tí ìdáhùn tòótọ́ ti máa ń jáde ni ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó kọ́ bàálù náà ṣe. Ẹ ka ìpalẹ̀mọ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ipò tí bàálù gbọ́dọ̀ wà sí ẹ̀gbẹ́ káàdì náà: ṣé orí jáàkì ni àbí orí táyà rẹ̀, ṣé iná mànàmáná wà lára rẹ̀ tàbí wọ́n ti pa á, ṣé háídírọ́líìkì (òróró tí a ń fi agbára tì láti mú ẹ̀yà bàálù ṣiṣẹ́) ní agbára nínú, ṣé epo ṣì wà nínú táńkì, páńẹ́lì wo ló wà ní ṣíṣí. Nọ́ńbà ẹkùn bàálù yóò ran yín lọ́wọ́ láti kó wọn jọ, torí pé 500 jẹ́ ti apá òsì, 600 jẹ́ ti apá ọ̀tún, 700 sì jẹ́ ti ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ipò wọ̀nyí tán, ẹ óò rí i pé káàdì kan ló ń mú ipò kọ̀ọ̀kan wá, káàdì mìíràn ló sì ń fòpin sí i, gbogbo àwọn tó kù tí wọ́n nílò ipò náà sì gbọ́dọ̀ wọ àárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ẹsẹ̀ bàálù ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní káàdì 10 ni gbígbé bàálù sórí jáàkì, 20 ni pípààrọ̀ họ́ọ̀sì háídírọ́líìkì kan nínú ihò ẹsẹ̀ òsì, 30 ni dídá agbára háídírọ́líìkì padà láti wò ó bóyá ó ń jò, 40 ni kíká ẹsẹ̀ sókè àti sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti dán an wò, 50 sì ni sísọ bàálù kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò so wọ́n tẹ̀léra láti 10 dé 50 bí ìlẹ̀kẹ̀. Àmọ́ bí ìwé àtúnṣe kò bá sọ pé jáàkì ni a nílò láti pààrọ̀ họ́ọ̀sì yẹn, a lè ṣe 20 àti 30 kí jáàkì tó dé rárá. Káàdì 40 ló nílò méjèèjì: ó gbọ́dọ̀ dúró de 10, kí ó sì dúró de 30. Nítorí náà, aṣáájú méjì ni a ó kọ fún un, ọjọ́ méjì tí ẹnì kan ń wá jáàkì káàkiri hángà kò sì ní dá ẹni tó ń pààrọ̀ họ́ọ̀sì dúró. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn páńẹ́lì kan wà tó jẹ́ ara agbára egungun bàálù, tí ìwé àtúnṣe ní kí wọ́n wà ní dídè kí a tó fi jáàkì gbé e. Ṣíṣí wọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn káàdì 50, tàbí kí dídè wọn padà jẹ́ aṣáájú káàdì 10.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà tí kò ṣe pàtàkì èyí tó ṣáájú, kìkì pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ká ẹsẹ̀ bàálù sókè, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà nínú ihò ẹsẹ̀, kò sì yẹ kí àwọn tó ń tú àga máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú bàálù tó wà lórí jáàkì. Nígbà tí táńkì epo bá wà ní ṣíṣí, iṣẹ́ tó lè ta iná pàrà gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Nínú oríṣi okùn mẹ́rin tí Microsoft Project ní, ìyẹn FS (ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀), SS (ìbẹ̀rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀), FF (ìparí sí ìparí) àti SF (ìbẹ̀rẹ̀ sí ìparí), kò sí èyí tó ń sọ pé “ẹ má ṣe é pọ̀”. Olùṣètò ni yóò yan èyí tó máa ṣáájú, tí yóò so wọ́n, tí yóò sì kọ ìdí rẹ̀ sínú àkíyèsí káàdì náà, kí ẹni tó gba ṣíìfù alẹ́ lè mọ̀ pé òun lè yí wọn padà ṣùgbọ́n òun kò gbọ́dọ̀ tú wọn.

Ní ti àwọn oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, FS ni ẹ óò lò jù: èyí àkọ́kọ́ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. SS dára fún iṣẹ́ tó lè máa tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn bí ẹni tó ń kọ ebè àti ẹni tó ń gbin iṣu: bí a bá ti tú ìlà àga díẹ̀, ẹni tó ń ṣí pákó ilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. FF wúlò fún yíyẹ ìwé wò, tí kò lè parí kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó parí. SF ní tèmi, n kò tíì rí ibi tí mo ti nílò rẹ̀.

Ohun tó máa ń da ètò rú ni àkókò ìdúró. Sílántì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ojú ìpàdé irin nínú táńkì epo, gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó da epo padà síbẹ̀, iye wákàtí rẹ̀ sì wà nínú ìwé tó bá a wá, ó sì máa ń yí padà pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin. Ká ní wákàtí 24 ni, tí káàdì 70 sì jẹ́ fífi sílántì náà. Bí ẹ bá kọ 70FS+24h sí ààyè Predecessors (ibi tí a ń kọ aṣáájú sí) fún káàdì tó kàn, lórí kàlẹ́ńdà tí Microsoft Project fúnra rẹ̀ gbé wá, tó jẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ láti Ajé dé Ẹtì, wákàtí iṣẹ́ ló máa kà. Sílántì tí a fi tán ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ẹtì yóò wá di ohun tí a ń dúró dè títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sílántì kì í lọ ilé lọ sùn. 70FS+24eh ni kí ẹ kọ: lẹ́tà “e” yẹn ló sọ fún un pé kí ó ka tọ̀sán-tòru, kí ó sì ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn, nígbà náà ni iṣẹ́ tó kàn yóò lè bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Ajé.

Iṣẹ́ tí a bá nígbà tí a ṣí bàálù wò tún wà, òun ló sì dùn mí jù, torí pé ó ti ṣe mí rí. Abẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ oúnjẹ ni omi máa ń jò sí, ibẹ̀ ni ìpẹta sì máa ń jẹ irin. Olùyẹ̀wò kan rí ìpẹta lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn ní ọ̀sán, ó kọ káàdì tuntun fún un, mo sì fi káàdì náà sínú ètò láì so ó mọ́ ohunkóhun. Káàdì dídè pákó ilẹ̀ ń dúró de àyẹ̀wò nìkan, àyẹ̀wò sì ti parí. Ni kọ̀ǹpútà bá ní kí àwọn ṣíìfù alẹ́ máa dè é lọ. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀, wọ́n ti de pákó, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti gbé àga mẹ́fà padà. Odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ la fi tú u. Láti ìgbà náà, bí káàdì tuntun bá ti wọlé, káàdì dídè páńẹ́lì ni mo kọ́kọ́ máa ń wá láti so ó mọ́, kí n tó wá ẹni tí yóò ṣe é. Nítorí èyí kan náà ni ó fi yẹ kí gbogbo káàdì ṣíṣí àti àyẹ̀wò wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹta, kí ohun tí a máa rí tètè yọjú nígbà tí àyè ṣì wà láti wá irin tuntun.

Bí ẹ bá ti so wọ́n tán, ẹ yẹ ètò náà wò. Káàdì tí kò ní atẹ̀lé kankan, yàtọ̀ sí èyí tó kẹ́yìn pátápátá, ni a gbàgbé. Bó bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ tí bàálù ń jáde kò ní yẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá kígbe pé okùn ti yí po, ẹ wá ibi tí páńẹ́lì kan ti ń ṣí tó tún ń dè, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe náà máa ń sá sí. Ẹ tú gbogbo ọjọ́ tí ẹnì kan kàn fi ọwọ́ kàn mọ́lẹ̀ láì sí ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn káàdì tí Total Slack wọn (àyè tí káàdì ní láti pẹ́ láì fa ọjọ́ ìjáde bàálù sẹ́yìn) jẹ́ 0 jáde sórí ìwé, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá ẹnjiníà nínú hángà, kí wọ́n fi bírò fa èyí tí kò bá ojú wọn mu. Ìgbà tí ẹ bá tún àwọn yẹn ṣe tán ni kí ẹ tó fi ètò náà pamọ́ bíi baseline, ìyẹn ètò àkọ́kọ́ tí a ó máa fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí bàálù tó dé ẹnu ọ̀nà.