Omi Gbígbóná Kì Í Ṣe Ọ̀rẹ́ Ẹ̀kọ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Iṣẹ́ Àdìrẹ

Àwọn tó ń wá kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ wa ní Ìtọ́kù, l'Abẹ́òkúta, àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Wọn kì í béèrè aṣọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí aró wa kì í mú aṣọ pólíẹ́sítà. Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ lára aṣọ náà, kí ẹ fi iná kàn án. Òwú gidi á jó bíi bébà, á sì di eérú. Pólíẹ́sítà á yọ́, á ṣù jọ, á le. Bó bá jẹ́ òwú náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì tí ilé iṣẹ́ fi sí i kúrò. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́, aró á mú níbì kan, á fi ibòmíràn sílẹ̀.

Ibi tí aró kò dé ló ń di ọnà lára àdìrẹ. Oníko ń fi ìko dì í, alábẹ́rẹ́ ń fi òwú rán an pọ̀. Ẹlẹ́kọ ń fi ẹ̀kọ láfún bo ojú aṣọ; ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ náà làwọn ará Ìbàdàn fi lókìkí, páànù tí àwọn ọkùnrin gé lọ́nà la fi mọ Abẹ́òkúta. Àwọn míì ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya tiwọn. Ẹni tó bá ń lo ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lè bà á jẹ́. Ìko àti okùn lè fara da aró gbígbóná. Ẹ̀kọ àti àbẹ́là kò lè fara dà á rárá.

Ìyà yìí ti jẹ mí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ya ẹ̀kọ sórí yáàdì márùn-ún. Omi gbígbóná ni mo fi po aró, oníbàárà sì ń retí aṣọ rẹ̀, ni mi ò bá dúró kó tutù. Nígbà tí mo fa aṣọ náà jáde, gbogbo ọnà ti yọ́ sínú aró, aṣọ dúdú láti etí dé etí. Títí dòní, mo máa ń fi ọwọ́ kan abọ́ aró láti ìta kí n tó rẹ ohunkóhun. Ẹ̀kọ pàápàá gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó kan aró.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ ewé dẹ́rù bà yín. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ẹlú kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ewé ni á kọ́kọ́ jọ, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé aró ti bàjẹ́, á tún bu sódà (kọ́sítíìkì tí a fi ń po aró) sí i. Ẹ na aṣọ sí afẹ́fẹ́, ẹ ní sùúrù, lẹ́yìn náà ẹ tún rẹ ẹ́. Àtúnrẹ ló ń mú kó dúdú.

Ọ̀rọ̀ sódà kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Ìjà lórí sódà àti aró òyìnbó láàárín àwọn aláró àti ìjọba Aláké le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936. Lónìí gbogbo wa là ń lò ó, ṣùgbọ́n àìbìkítà ti pọ̀ jù. Sódà là ń dà sínú omi tútù, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí, yóò hó, yóò ta sójú. Ẹ má pò ó nínú ìkòkò sílífà, torí ó ń jẹ ẹ́. Abọ́ rọ́bà tó nípọn ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ní ìta gbangba. Abọ́ yẹn kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́ láé. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sódà náà mọ́lé.

Ti àbẹ́là: bó bá gbiná lórí ààrò, ẹ má da omi sí i. Ìdérí ni kí ẹ fi bò ó.

Bí ẹ bá ń tú ìko, ẹ jẹ́ kí aṣọ gbẹ ná. Abẹ́fẹ́lẹ́ lórí aṣọ tútù ti dá ihò sí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó rà á pé kó dá a fọ̀ lọ́tọ̀, nínú omi tútù, kó sì sá a sábẹ́ òjìji.