Ọmọ Yín Fẹ́ Gun ATV ní Texas: Ohun Tí Òfin Béèrè, àti Ohun Tí Òbí Gbọ́dọ̀ Fi Kún Un

Bí ilé ìwé bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní ìparí oṣù May, ìpè á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kíláàsì wọn kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́bàá Brenham. Ará ìjọ yín kan ti ra éékà mẹ́wàá ní apá Waller, ó sì ti gbé ATV méjì síbẹ̀ fún àwọn ọmọ, ìyẹn ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù nínú igbó. Ọmọ yín á sáré wọ kíṣìnnì wá bá yín: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wọn ló ń lọ." Nítorí ìdáhùn tí ẹ máa fún un ni mo ṣe kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ní wọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọdé ti ń tún ìrìn kọ́ lẹ́yìn tí eegun wọn ti kán. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun ATV láéláé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ òfin Texas dáadáa, kí ẹ sì mọ ibi tó ti dẹwọ́, nítorí ibi tó ti dẹwọ́ gan-an ni wọ́n sábà máa ń pe àwọn ọmọ wa lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀. Òfin náà wà nínú Transportation Code ti Texas, orí 551A. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wa ATV lórí ilẹ̀ ìjọba, ọmọdé ni o, àgbà ni o, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun ti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò. Bí kò bá ní in, àfi kó wà lábẹ́ ojú olùkọ́ tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, tàbí lábẹ́ ojú àgbàlagbà tó ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14, òbí rẹ̀ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Bí òbí ò bá lè lọ, àgbàlagbà tí òbí fọwọ́ sí lè dúró fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 kì í ṣe àgbàlagbà. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi tó ń yan ẹran, tí ọmọ sì ti wọ inú igbó lọ, kò ṣọ́ ọmọ kankan.

Lórí ilẹ̀ ìjọba yìí kan náà, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì tó bá ìlànà DOT, iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀, mu gbọ́dọ̀ wà lórí ọmọ, kí ohun tó ń dáàbò bo ojú sì wà lójú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn hẹ́lmẹ́ẹ̀tì náà, ẹ máa rí lẹ́tà DOT níbẹ̀. Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ ológeere tí ẹ rà fún un nígbà Kérésìmesì kò tó. ATV náà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń mú, sàlẹ́ńsà tó ń dín ariwo rẹ̀ kù, àti spark arrester, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná ta jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà sínú koríko gbígbẹ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé èrò sẹ́yìn, àfi bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà bá ṣe é fún ẹni méjì.

Ibi tó súnmọ́ wa ní Houston ni Sam Houston National Forest, ní apá New Waverly. Wọ́n ti la ọ̀nà síbẹ̀ fún ATV àti alùpùpù. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní sítíkà OHV (ìyẹn ti ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún títì) láti ọ̀dọ̀ Texas Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ àti ẹranko igbó. $16 ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti September 1 títí di August 31, nítorí náà èyí tí ẹ bá rà ní July kò ní pẹ́ kú. Ẹ pe ọ́fíìsì igbó náà kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà bí òjò bá ti rin ilẹ̀ jù.

Títì inú ẹ́sítéètì yín ńkọ́? Rárá. Òfin kò gbà kí ọmọ máa wà á ní títì gbogbo ayé, bó ti wù kí títì náà dákẹ́ tó. Àwọn ọmọ ń wà á ní Katy àti Cypress lójoojúmọ́, mo mọ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Yàtọ̀ sí òfin, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀dà. Táyà rẹ̀ rọ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ kéré, torí iyẹ̀pẹ̀ àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì jọ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà ni. Lórí iyẹ̀pẹ̀, ọ̀kan á yọ̀ díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń yà. Lórí ọ̀dà, kò ní yọ̀: yóò gán mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì dojú dé.

Ó wá ku ilẹ̀ aládàáni, ibi tí mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ẹ tún òfin yẹn kà, ẹ máa rí i pé níbi tó ti sọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì àti èrò, "ilẹ̀ ìjọba" ló ń sọ. Bí ọmọ yín bá ti wọ géètì éékà mẹ́wàá ará ìjọ yẹn, kò sí ọlọ́pàá igbó tó máa béèrè hẹ́lmẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n ọkọ̀ náà kò yí padà ní géètì. ATV àgbà lè wọn 600 pound. Bó bá dojú dé lórí ọmọ tó wọn 70 pound, ọmọ náà kò lè tì í kúrò lára rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ gbé òfin ilẹ̀ ìjọba náà dání wọ géètì yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ẹni pé ọlọ́pàá ń dúró dè yín nínú.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó. Àwọn tó ń ṣe ATV máa ń lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, tó sọ ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ti ọmọdé wà fún ọdún 6 sókè, fún 10 sókè, àti fún 12 sókè. Òmíràn wà tí wọ́n ṣe fún ọdún 14 sókè, pẹ̀lú àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọ. Èyí tó tóbi jù lọ, ọdún 16 sókè ni. Láti ìgbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2008 ti jáde ni ìlànà yìí ti di dandan fún gbogbo ẹni tó bá ń ta ATV tuntun. Òfin yẹn náà ló dá títa ATV tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró, nítorí bó ṣe máa ń tètè ṣubú. Bí ẹ bá rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àtijọ́ nínú ọgbà ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ kàn án. Bí ìwé ìkìlọ̀ bá ti ya kúrò lára ọkọ̀, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ̀, ẹ kà á sí ti àgbà.

Kò yẹ kí n fi èyí pamọ́ fún yín: ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé 16 kò gbọdọ̀ gun ATV rárá, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Òfin Texas kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn dókítà yẹn la tẹ̀lé. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu nínú ilé tiyín.

Bí ẹ bá pinnu pé kó gùn ún, ẹ gbé e lé orí ọkọ̀ náà láì tan ẹ́ńjìnnì. Ní kó dìde dúró lórí ibi ìtẹ́sẹ̀. Àyè tó wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ìjókòó gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì 3 sí 6. Ní kó jókòó, kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kó yí i lọ sápá òsì àti ọ̀tún dé òpin. Bó bá ní láti na ara síwájú tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ gùn ṣánṣán kó tó lè yí i, ọkọ̀ náà ti tóbi jù ú lọ. Ìka rẹ̀ tó gùn jù gbọ́dọ̀ kọjá irin bíréèkì dáadáa kó lè fà á. Gìgísẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ibi ìtẹ́sẹ̀ nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí kò bá ṣe é ṣe, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé á dàgbà bá a.

Sòkòtò gígùn, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀wọ́, àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Sálúbàtà kò gbọdọ̀ débẹ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin wa, ọ̀rọ̀ irun ṣe pàtàkì, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jókòó lé orí, kó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má sì mì bí ọmọ bá mi orí. Bí ẹ bá di ṣùkú fún un, ibi tí irun kó jọ sí láàárín orí á gbé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì sókè, á kàn máa léfòó lásán. Ìlẹ̀kẹ̀ inú irun náà burú, torí á tẹ ọmọ lórí, ọmọ á sì fẹ́ bọ́ hẹ́lmẹ́ẹ̀tì kúrò. Kọlẹ́sẹ̀ ló dára jù: ẹ dì í pẹlẹbẹ, kó parí sí ọrùn. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ attachment ńlá, kó fi ATV sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? ATV Safety Institute ló ń ṣètò èyí tí a mọ̀ jù, wọ́n ń pè é ní RiderCourse. Ó ń gba bíi ààbọ̀ ọjọ́, wọ́n sì ń gba ọmọ láti ọdún 6, bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá a mu ló gùn. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́ ọ. Òfin fẹ́ kí àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí ní tirẹ̀, ẹni tó sì ti gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́wàá kò tíì mọ ATV. Lórí ọ̀kadà, ó ti mọ́ wa lára láti fi ọmọ sórí táńkì níwájú, kí ẹni méjì jókòó sẹ́yìn. Ìjókòó ATV gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí èrò. Wọ́n fà á gùn kí awakọ̀ lè sún ara rẹ̀ síwájú nígbà tó bá ń gun òkè, kó sún sẹ́yìn nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, kó sì fi ara sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń yà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ti gba àyè yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ á sì dojú dé níbi tí ì bá ti gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wàyí o, bàbá tó ni ilẹ̀ náà lè fi ogún ọdún jù yín lọ. Ó lè jẹ́ ilé rẹ̀ lẹ ti kọ́kọ́ sùn nígbà tí ẹ dé Houston. Bó bá wá sọ níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ṣebí ọkùnrin ni," ahọ́n á wúwo lẹ́nu yín. Ẹ má jẹ́ kó dé iwájú èèyàn. Ẹ pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, mo kúnlẹ̀ o. A dúpẹ́ pé ẹ rántí àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè nípa ATV yẹn. Ọjọ́ orí wo ni wọ́n kọ sára rẹ̀? Ṣé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì tó bá wọn mu wà? Ta ló máa dúró tì wọ́n?" Bí àgbà bá fi àdúrà dáhùn, mo máa ń ṣe àmín, màá sì ní, "Ẹ má bínú sà, Tèmítọ́pẹ́ kò ní gùn ún lọ́la. Á jẹun, á bá wọn ṣeré, á sì kí yín dáadáa. Mo ti bá a sọ ọ́." Lẹ́yìn náà, mi ò ní ṣàlàyé mọ́. Àlàyé tó bá pọ̀ jù máa ń di àyè fún ẹ̀bẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìbátan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, òfin tiwọn lè yàtọ̀ gan-an. Ní Massachusetts, lẹ́yìn ikú ọmọkùnrin ọdún 8 kan, wọ́n ṣe òfin ní 2010 tó ka wíwa ATV fún ìgbádùn léèwọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 14. Ní California, ọmọ tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, tàbí kó wà lábẹ́ ojú àgbàlagbà tó ní in, kó tó wà á lórí ilẹ̀ ìjọba. Kí ọmọ tó lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ẹ wá òfin ibẹ̀ kà.

Bó bá ṣubú ńkọ́? Kí ọmọ tó gun ọkọ̀ rárá, ẹ kọ àdírẹ́sì ilẹ̀ náà àti orúkọ ojú ọ̀nà tí géètì wà sínú fóònù yín, torí èyí ni 911 máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ wò ó bóyá fóònù ń mú níbẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú, ẹ má fà á dìde, ẹ má sì bọ́ hẹ́lmẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bó bá ń mí dáadáa. Bí ọwọ́ ọkọ̀ bá gún un níkùn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀dọ̀ tàbí ọlọ inú lè ti ya láìsí àpá kankan lára. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ATV ni, ẹ sọ irú èyí tó jẹ́ àti bó ṣe ṣubú. Mo mọ ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn òbí wa, pé wọ́n á pe àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, nítorí náà wọ́n á ní àtẹ̀gùn ló ti já bọ́. Ọmọ tó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn àti ọmọ tí ATV dé mọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe fún wọn. Ẹ sọ òótọ́ fún wa láti ẹnu ọ̀nà.