Bí mo ṣe tọpa ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá nínú àwọn ìwé Herbert Macaulay

Àwọn ìwé tí Herbert Macaulay kó jọ kó tó kú ní 1946 wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike, Yunifásítì Ìbàdàn. Páálí kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, fáìlì inú rẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá ni mo wá lọ. Ìjọba gba ilẹ̀, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn onífìlà funfun l'Ékòó, bá wọn ṣẹjọ́ lórí owó gbà-má-bínú, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, sì dá a láre ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921.

Ọdún ìdájọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo wá ń padà sẹ́yìn sí 1920, nígbà tí Macaulay bá Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ìyẹn Èṣùgbàyí, ọba Èkó. Bí àwọn òyìnbó ṣe kọ orúkọ ni mo fi wá a: "Eleko", "Eshugbayi". Ẹni tó bá ń wá orúkọ tó ní àmì ohùn lórí, òfo ló máa bá bọ̀.

Pẹ́ńsù nìkan ni mo mú dání, torí yíǹkì bírò kò ṣeé nù kúrò lára bébà àtijọ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni mo ń ṣí lẹ́ẹ̀kan; bí méjì bá wà ní ṣíṣí, ewé kan á ṣèèṣì kọjá sínú ìkejì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rí i mọ́. Èèpo fáìlì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yà ní fọ́tò, kí n tó ya ohun inú rẹ̀, tojú tẹ̀yìn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò á pọ̀ lórí fóònù, a ò sì ní mọ páálí tó ti wá.

Ibi tó ti ń le gan-an ni lẹ́tà. Èyí tí kò ní ọjọ́ tàbí ìbuwọ́lù lè jẹ́ àkọgbìyànjú tí wọn kò fi ránṣẹ́ rárá. Mi ò gbà pé lẹ́tà kan dé ọwọ́ ìjọba àfi tí mo bá rí èsì rẹ̀. Tí èsì kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń rìn lọ sí National Archives, inú ọgbà Yunifásítì kan náà ló wà. Fáìlì CSO ni ti Akọ̀wé Àgbà ìjọba. COMCOL ni ti Kọmíṣọ́nà Èkó.

Ẹ ṣọ́ra fún iye owó tó wà nínú àwọn ìwé náà o. "d" ni kọ́bọ̀ ayé ìgbà yẹn: 12 kọ́bọ̀ ni ṣílè kan, 20 ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Ẹni tó bá rò ó bíi kọ́bọ̀ náírà á ṣìṣirò.

Kí n tó dá páálí padà, mo kọ nọ́ńbà páálí, nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ orí lẹ́tà sí ìlà kan náà nínú ìwé mi.