Rédíò bóòtù mi ò sọ̀rọ̀: ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi mí àti ìdáhùn mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa so rédíò VHF, èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, mọ́ bóòtù fáíbà lórí ọ̀sà Èkó, láti Ìpakodò dé Bàdóre, nígbà míì wọ́n á pè mí lọ sí Tarkwa Bay. Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹlòmíì á tú rédíò kúrò lójú bóòtù, á rọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, á gbé e wá bá mi nílé, á ní "Bọ̀dá, rédíò yìí ti kú o." Kò kú. Èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi ò tó nǹkan, wáyà ló pọ̀ jù, àbí bátìrì, àbí áńtẹ́nà, àbí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. Mo wá kọ gbogbo ẹ̀ síbí kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó pè mí.

Kò tan rárá.

Fíúùsì. Ó wà lára wáyà pupa nínú ike kékeré kan, ampere 7 tàbí 10 ló sábà máa ń jẹ́, ẹ wo ìwé tó bá a wá. Tó bá ti jó, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíúùsì, kó má pè mí. Tí fíúùsì ò bá ní nǹkan kan, ẹ wo orí bátìrì, nǹkan funfun tó máa ń hù síbẹ̀ yẹn, ẹ ha á kúrò.

Ó tàn, àmọ́ mi ò gbọ́ ẹnì kankan.

Squelch ni, ohun tí wọ́n ń yí láti pa ariwo lásán inú rédíò mọ́lẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn títí tó fi máa pariwo ṣààà, kẹ́ ẹ wá máa yí i síwájú díẹ̀díẹ̀, ibi tí ariwo yẹn bá ti dákẹ́, ẹ fọwọ́ kúrò. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ ariwo rárá, wọ́n á yí i dópin, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an ò ní wọlé mọ́.

TX (àmì pé rédíò ń sọ̀rọ̀ jáde) ò kúrò lójú ẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Máìkì ti há sábẹ́ ìjókòó, nǹkan ti tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dí ṣánẹ́lì pa fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan, gbogbo àwa tá a wà lórí ṣánẹ́lì 16 la gbọ́ bí kápítéènì kan ṣe ń bá èrò jà lórí ṣéńjì, kò mọ̀ pé gbogbo ọ̀sà ló ń gbọ́ òun, ó sì bú ìyá ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ fi máìkì kọ́ ibi tí wọ́n ṣe fún un.

Lórí 70 ni mo wà, kò gbà kí n sọ̀rọ̀.

Ṣánẹ́lì 70 ò gba ohùn, ibẹ̀ làwọn rédíò ti ń fi àmì pe ara wọn. Ẹ lọ sí 16 (156.800 MHz), ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ pè níbẹ̀, tó bá ti dáhùn, kẹ́ ẹ jọ bọ́ sí òmíràn bí i 6. Ẹ má jókòó sórí 16 kẹ́ ẹ máa bára yín sọ̀rọ̀ ọjà àti owó epo, ibẹ̀ lẹni tó bá ń rì sómi máa ti ké.

Èmi àti ẹnìkejì mi wà lórí ṣánẹ́lì kan náà, a ò gbọ́ra wa.

Ẹ wo ojú rédíò méjèèjì. Tí ọ̀kan bá kọ USA (ètò ṣánẹ́lì ti Amẹ́ríkà), tí èkejì kọ INT (ti gbogbo àgbáyé), ọ̀rọ̀ ti bùṣe. INT ni tiwa níbí. Rédíò tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà sábà máa ń wà lórí USA, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí i nínú mẹ́nù. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà lórí INT tẹ́ ò sì gbọ́ra yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣánẹ́lì tó ń sọ̀rọ̀ níbì kan tó ń gbọ́ níbòmíì lẹ wà, bí 18 sí 22. Àwọn yẹn, èbúté ni wọ́n fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, bóòtù sí bóòtù ò lè lò ó. Ẹ lọ sí 6.

Watt 25 ni wọ́n kọ sí i, kí ló dé tí mi ò bá ará Badagry sọ̀rọ̀ láti Ìpakodò?

Torí VHF kì í ṣe fóònù. Ibi tí ojú lè dé tààrà lòun náà ń dé, ó kàn fi díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ ni. Bí áńtẹ́nà yín ṣe ga sí ló ṣe pàtàkì, wátì ò lè bá yín gun òkè. Bóòtù méjì tí áńtẹ́nà wọn ga tó mítà mẹ́rin sójú omi máa gbọ́ra wọn dé nǹkan bí máìlì ojú omi 8 sí 9, ìyẹn bí kìlómítà 16, ilé gogoro ò tíì dí i o. Ẹ gbé áńtẹ́nà sókè, ẹ má dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó kápítéènì. Ẹni tó ń lo èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú, kó má retí ìdajì èyí.

Tí mo bá ti tẹ máìkì, ó máa kú, á tún tan.

Iná ò tó o. Tí rédíò bá ń gbọ́ lásán, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ máìkì lórí 25 watt, á fa bí ampere 5 sí 6 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí 1 watt, tí kò bá kú níbẹ̀, ẹ ti mọ àrùn ẹ̀. Bátìrì wà lẹ́yìn bóòtù, rédíò wà níwájú, ẹ wá fi wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so sípíkà fà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, níbo niná fẹ́ gbà kọjá? Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rédíò, kì í ṣe lórí bátìrì, kí ẹnì kan sì tẹ máìkì nígbà tẹ́ ẹ ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo èèyàn ló máa ń wọ̀n ọ́n láìtẹ máìkì, wọ́n á rí volt 12.6, wọ́n á ní iná pé. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó já wálẹ̀ ju 11.7 lọ, wáyà tó nípọn lẹ máa rà, tàbí kẹ́ ẹ fọ ojú ibi tí wáyà ti pàdé ara wọn. Wáyà dúdú náà wà níbẹ̀ o, pupa nìkan lẹ máa ń yẹ̀ wò.

Ariwo ń bẹ nínú ẹ̀ lálẹ́ nìkan.

Iná LED tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so sí òrùlé bóòtù ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ẹ̀ ní 2018. Ẹ pa gbogbo iná, ẹ wá ṣánẹ́lì tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ẹ yí squelch débi tí ariwo ti dákẹ́ gẹ́lẹ́, ẹ wá tan LED yẹn. Tí ariwo bá dé, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ gbé iná yẹn jìnnà sí áńtẹ́nà tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́. Páǹpù tó ń fa omi inú bóòtù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mò ń gbọ́ gbogbo ayé, àwọn ò gbọ́ mi. Mo ti pààrọ̀ máìkì.

Èyí gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan yìí, torí ó fìyà jẹ mí rí. Bóòtù elérò ogún ni, ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀gá tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tó pè mí. Ó ní kápítéènì òun ń gbọ́ àwọn tó wà ní CMS ketekete, tó bá wá pè wọ́n, wọn ò ní dáhùn, àfi tó bá ti sún mọ́ wọn tán.

Mo débẹ̀, mo so mítà SWR mi, èyí tó ń wọn wátì tó jáde àti èyí tó ta padà láti áńtẹ́nà, sẹ́yìn rédíò, mo tẹ máìkì, wátì 23 ń jáde, SWR jẹ́ 1.3. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kò sóhun tá a tún ń wá. Mo ní á jẹ́ pé máìkì ni. Mo fi máìkì tèmi sí i, kò yàtọ̀. Mo tú rédíò, mo gbé tèmi tó dá mi lójú sí i, kò yàtọ̀. Mo ní kí ọ̀gá ra áńtẹ́nà tuntun, ó rà á, owó ńlá, mo gun òrùlé bóòtù lọ so ó nínú oòrùn ọ̀sán, a lọ sórí omi, CMS gbọ́ wa kedere. Mo gbowó mi, mo lọ sùn.

Lọ́jọ́ kẹta òjò rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ilẹ̀ mọ́, fóònù mi dún. "Bọ̀dá, rédíò yín ti tún yadi." Rédíò yín! Ó ti di tèmi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ. Tí oòrùn bá ti ràn fún ọjọ́ méjì, ó ń ṣiṣẹ́, tí òjò bá ti rọ̀, ó yadi, mítà mi ò sì yéé sọ pé 1.3, 1.3. Mo bi ọ̀gá léèrè kébù tó lọ sókè, ìyẹn wáyà tó so rédíò mọ́ áńtẹ́nà, ó búra, ó ní ẹni tó ta bóòtù fóun sọ pé tuntun ni, pé odidi ni láti òkè délẹ̀, kò lójú ìsopọ̀ kankan. Mo gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti sìnà, torí mi ò fojú ara mi rí i.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló sọ ọ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi. Ó ní "Ọ̀gá, ṣé a ò lè gbé mítà yẹn lọ sókè, nídìí áńtẹ́nà?" Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ mo gbé e lọ. Wátì 23 ló wọ kébù nísàlẹ̀, 3 ló yọ lókè. Mẹ́ta!

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Kébù tó ti mu omi ń jẹ iná tó ń gòkè lọ, èyí tó bá sì fẹ́ ta padà wálẹ̀, ó ń jẹ ìyẹn náà lójú ọ̀nà. Mítà tó wà nísàlẹ̀ ò rí nǹkan kan tó padà wá, ó rò pé áńtẹ́nà ti gbé gbogbo ẹ̀ jáde. SWR tó dáa jù lórí kébù tó bàjẹ́ jù.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébù náà jáde látinú páìpù tó gbé òrùlé dúró. Ó dé bí ibi àyà mi, ó há. A fà á títí, ohun tó jáde wá jọ ẹyin adìyẹ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé. Ẹnì kan ti gé kébù yẹn, ó lọ́ wáyà àárín mọ́ wáyà àárín, ó lọ́ èyí tó dà bí àwọ̀n mọ́ra wọn bí ẹni ń so gílóòbù yàrá, ó fi téèpù dúdú wé e, ó tún wá fi náílọ́ọ̀nù dè é lórí kómi má wọ̀ ọ́. Náílọ́ọ̀nù yẹn ló ń gba omi dúró síbẹ̀ bíi píọ̀ wọ́tà. Mo la ara kébù, bàbà inú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, mo la á lọ sókè bí apá kan, dúdú, mo la á lọ sísàlẹ̀, dúdú. Ọ̀nà àárín àwọ̀n yẹn lomi ti ń rìn lọ. A gé gbogbo ẹ̀ sọnù. Mo fi RG-213, kébù tó nípọn, sí i, odidi kan ṣoṣo, mo fi sódà jó orí méjèèjì, mo fi téèpù rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ra ẹ̀ wé ti òkè, mo sì tẹ kébù wálẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ẹnu áńtẹ́nà, kí omi òjò lè kán síbẹ̀ dípò kó wọlé. Títí dòní kò yadi mọ́.

Áńtẹ́nà àkọ́kọ́ tí mo ní kí ọ̀gá jù sọnù ńkọ́? Ó wà nílé mi, kò sóhun tó ṣe é. Mo dá owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì padà fún un, síbẹ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi tán.

Torí náà, tó bá ń gbọ́ tí wọn ò gbọ́ yín, ẹ fa kébù jáde kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ la ara ẹ̀ díẹ̀ nítòsí áńtẹ́nà, bàbà yẹn gbọ́dọ̀ máa dán. RG-58 tín-ín-rín tí wọ́n máa ń tà fún yín lọ́jà, tó bá gùn tó mítà mẹ́wàá, nínú wátì 25 bíi 16 ló máa dókè, bó tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Kẹ́ ẹ sì má tẹ máìkì láé tí áńtẹ́nà ò bá sí lẹ́yìn rédíò, ẹ máa fọwọ́ ara yín pa á.

Bọ́tìnnì pupa tó wà lábẹ́ ìdérí lára rédíò ńkọ́, ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ wò?

Rárá o! Ó ń ké gbàmí ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má yọwọ́ títí tó fi máa sọ pé ó ti lọ, lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ lórí 16: MAYDAY lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ bóòtù, ibi tẹ́ ẹ wà, ohun tó ṣe yín, iye èèyàn tó wà nínú ẹ̀. Àmọ́ bọ́tìnnì yẹn ò lè ṣiṣẹ́ tí kò bá ní nọ́ńbà MMSI nínú, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ bóòtù yín, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, 657 ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ èyí tó bá ṣáà wù yín sí i. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ̀pọ̀ rédíò ń gbà á, tẹ́ ẹ bá ti ṣì í, ó di kẹ́ ẹ gbé e padà fẹ́ni tó tà á. Ẹ so GPS mọ́ ọn pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ké lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní sọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ṣé mo lè fọwọ́ ara mi so gbogbo ẹ̀?

Wáyà iná, bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Orí kébù, ìyẹn PL-259 tí wọ́n ń fi sódà jó, ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Irun kan péré látara àwọ̀n yẹn tó bá kan àárín, ó ti parí. Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, bóòtù ni kẹ́ ẹ gbé wá o, lẹ́yìn ìrìn àjò tó kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, kí bátìrì kún, kẹ́ ẹ sì kó ẹrù kúrò nídìí ìjókòó kápítéènì kí n lè rí wáyà. Tó bá jẹ́ rédíò inú náílọ́ọ̀nù lẹ gbé wá, mo máa ní kẹ́ ẹ gbé e padà.