Gíláàsì tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ: bí mo ṣe fi àbá ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àpérò ìmọ̀ àrùn orí kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ 21 ló kù kí gbèdéke pé nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí fọ́ọ̀mù àpérò náà. Mo kà á tán, mo tì í pa. Lójú mi, kì í ṣe irú mi ni wọ́n ń pè. Àwọn dókítà onímọ̀ àrùn ni, àti àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá jẹjẹrẹ mọ̀. Èmi ni mo ń to gíláàsì sínú síkánà.

Ọ̀nà tí ẹran ara tí wọ́n gé lára aláìsàn ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi gùn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́málììnì kó má baà jẹrà, wọ́n á fi ìda dì í, wọ́n á wá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé kò ní nípọn ju máíkírómítà 4 tàbí 5 lọ (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni máíkírómítà kan). Wọ́n á pa á láró méjì: hematoxylin tó ń sọ kókó inú sẹ́ẹ̀lì di àwọ̀ aró, àti eosin tó ń sọ èyí tó kù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kán gọ́ọ̀mù lé e, wọ́n á fi gíláàsì tín-ín-rín kan bò ó. Ìgbà yẹn ló kàn mí. Síkánà wa ń ya àwòrán tí píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀rún tó para pọ̀ di àwòrán, jẹ́ máíkírómítà 0.25. Ẹran ara tó fẹ̀ ní mìlímítà 15 níbùú àti lóròó á di píksẹ́lì 60,000 lọ́nà 60,000, ìyẹn bílíọ̀nù 3.6. Nínú àwòrán ràgàjì bẹ́ẹ̀, ibi kan tó ṣú bàìbàì, tí kò ju orí pínnì lọ lórí gíláàsì, lè bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni jẹjẹrẹ wà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ráhùn pé àwòrán ń bàjẹ́. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkánà tí mo máa ń kọ gbogbo gíláàsì tí mo tún yà sí. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́, dókítà onímọ̀ àrùn, ló bá mi níbi tí mo ti ń dá odidi àtẹ gíláàsì kan pa dà sẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Èyí tí ò ń ṣe yìí, kí ló dé tí o ò lọ sọ ọ́ ní àpérò?" Mo ní ọ̀rọ̀ à ń nu gíláàsì kọ́ ni wọ́n ń lọ gbọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òye àtọwọ́dá (AI) ni. Wọ́n ní, "Òye àtọwọ́dá tí ò rí àwòrán tó dáa, kí ló fẹ́ rí?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún ìkéde náà kà, tòun ti bírò lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo orí ọ̀rọ̀ ńláńlá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń gba àbá lórí ìṣètò iṣẹ́ láàbù àti bí àwòrán ṣe ń dáa sí. Àṣamọ̀, ìyẹn àkékúrú ohun tí a fẹ́ sọ, kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 300 lọ. A kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé ìwòsàn wa nínú rẹ̀, torí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n ní 11:59 alẹ́ ni gbèdéke, "AoE". Mo ní láti wádìí ìyẹn: aago ibi tí ọjọ́ ti ń kẹ́yìn parí láyé ni, wákàtí 12 lẹ́yìn UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Mo kọ ohun tí aago tèmi máa wí nígbà náà sára ògiri.

Àṣamọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ kò dáa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2017 tí àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí dókítà máa fi ẹ̀rọ Philips ka àrùn tààrà lórí kọ̀ǹpútà. Mo mẹ́nu kan DICOM, ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́jú àwòrán ìṣègùn, mo mẹ́nu kan òye àtọwọ́dá, ọ̀rọ̀ bíi 150 sì ti lọ kí n tó dé orí gíláàsì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n fa ìlà gbọọrọ la ìdajì rẹ̀ kọjá. "Àwọn tó máa kà á ti mọ èyí kí wọ́n tó jókòó." Wọ́n wá fi bírò tọ́ka sí ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ gíláàsì ni a ń tún yà. "Mélòó nínú mélòó?"

Mi ò mọ̀. Ìwé ọ̀hún kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n mi ò kà á rí.

Kíkà á le ju bí mo ṣe rò lọ. Gíláàsì tí mo yà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ẹyọ kan ni àbí mẹ́ta? Bí mo bá ka àwòrán, iye náà á tóbi, á sì dára létí. Ṣùgbọ́n gíláàsì ni aláìsàn ní, kì í ṣe àwòrán, nítorí náà gíláàsì ni mo kà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Mo tún pín ìdí tí mo fi tún un yà sọ́nà: ẹran ara tó ká lé ara wọn, atẹ́gùn tó há sábẹ́ gíláàsì, ìlà yíǹkì tí dókítà fi bírò fà, ẹran ara tí aró rẹ̀ ṣá débi pé síkánà kò rí i. Èyí tó pọ̀ jù lọ ni mo kọ "bàìbàì" sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bàìbàì kì í ṣe ìdí. Ohun tí ojú rí ni.

Mo wá lọ kó àwọn gíláàsì tó wà lábẹ́ "bàìbàì" jáde kúrò nínú àpótí, mo ń gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé níkọ̀ọ̀kan, mo ń dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè sáré lójú wọn. Gọ́ọ̀mù ti ṣàn kọjá etí gíláàsì òkè lára ọ̀pọ̀ wọn, ó sì gbẹ síbẹ̀ bí ẹkún tó gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gíláàsì òkè ti sún díẹ̀, ó yọ etí síta. Lára òmíràn, atẹ́gùn kan wà ní igun, ó rí róbótó bí ojú ẹja, ó ń dán. Ojú gíláàsì òkè kò tẹ́jú mọ́. Síkánà máa ń wọn jíjìn ẹran ara níbi mélòó kan, á wá fi ìyẹn díwọ̀n èyí tó kù. Bí ohun tó wọ̀n bá ń yí nígbà tó ń ya àwòrán lọ́wọ́, kò sí bí kò ṣe ní ṣì í.

Inú mi dùn pé mo ti rí i. Lẹ́yìn náà ni àyà mi já, torí àǹtí tó ń rẹ́ ẹran ara ló ń kán gọ́ọ̀mù. Bí mo bá fi àbá yìí ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ lọ tú síta níwájú àwọn àlejò. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí n má kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kó gíláàsì mẹ́fà dání, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwọ̀nyí." Wọ́n wò wọ́n fínnífínní, wọ́n fi èékánná kan etí ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa ń dúró lé mi lórí pé síkánà ń dúró. Kò tíì gbẹ tí o fi ń kó o lọ."

Òtítọ́ ni. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ àwa méjèèjì, kò kàn sẹ́ni tó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí. Àǹtí ń kọ aago tí wọ́n bo àtẹ kọ̀ọ̀kan, síkánà náà ń fúnra rẹ̀ kọ aago tó ya àwòrán sínú fáìlì. A jókòó ní ìrọ̀lẹ́ méjì, wọ́n ń ka tiwọn, èmi ń tẹ tèmi. Àwọn gíláàsì tí mo gbé wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n bò wọ́n ni bàìbàì pọ̀ lára wọn. Àwọn tó sùn mọ́jú lórí àtẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló pa dà wá.

Báyìí ni àbá náà ṣe di ohun kan ṣoṣo: àkókò tí gọ́ọ̀mù fi ń gbẹ. Gbogbo ohun tó kù ni mo yọ kúrò, títí kan ìlà yíǹkì tí mo fẹ́ràn láti máa ráhùn nípa rẹ̀. Orúkọ àǹtí wọ ipò kejì nínú àwọn òǹkọ̀wé, ti ẹ̀gbọ́n ló kẹ́yìn. Àǹtí kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni àwọn ń ṣe. Mo ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé yìí láìsí ìwé àkọsílẹ̀ yín.

Ibi méjì ni ẹ̀gbọ́n ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe. Mo kọ ọ́ pé "a ti fìdí ètò wa múlẹ̀". Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: ìlànà CAP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ àrùn ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2021, ní kí dókítà ka ó kéré tán àpẹẹrẹ àìsàn 60 lórí gíláàsì àti lórí kọ̀ǹpútà, kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 sì wà láàárín kíkà méjèèjì. Àwa kò ṣe ìyẹn. Àwòrán nìkan la yẹ̀ wò. Mo pa á rẹ́. Èkejì, wọ́n ní kí n kọ ọ́ gbangba pé láàbù kan, síkánà kan, irú gọ́ọ̀mù kan ni. Ẹ̀rù bà mí pé á sọ àbá náà di yẹpẹrẹ. Ní báyìí, gbólóhùn yẹn ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù gbà kí a fi àwòrán kan kún un. Mo mú èyí tó hàn kedere jù, mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ni mo bá rántí pé síkánà máa ń ya lébẹ́ẹ̀lì gíláàsì pa pọ̀ mọ́ ẹran ara. Mo ṣí fáìlì náà. Lábẹ́ àwòrán ńlá, àwòrán kékeré kan wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà aláìsàn àti báákóòdù rẹ̀ sì hàn ketekete. Yíyí orúkọ fáìlì pa dà kò kan ìyẹn rárá. Mo gé ibi tí mo nílò nínú ẹran ara nìkan, mo tọ́jú rẹ̀ sí fáìlì tuntun, mo ṣí fáìlì tuntun náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ni ẹran ara yẹn kò mọ̀ wá, kò sì ní sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

Ọjọ́ 2 ṣáájú gbèdéke ni mo fi í ránṣẹ́. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo wo bó ṣe máa rí lójú àwọn tó máa kà á, àmì máíkírómítà sì ti di àmì ìbéèrè níbi gbogbo: "0.25 ?m". Mo kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní kíkún, mo tún iye ọ̀rọ̀ kà, ó jẹ́ 297. Mo tẹ̀ ẹ́. Ímeèlì dé pé ó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí n tó dìde lórí àga.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7, èsì dé. Wọ́n gbà á, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè pé bí a bá gbé gíláàsì síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣé kò ní tètè gbẹ, kí aláìsàn má baà dúró de ilẹ̀ mọ́ kó tó gbọ́ èsì? Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá àǹtí. Wọn ò sọ púpọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n gbé àtẹ méjì wá bá mi, wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ aago sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ "wọ́ọ́rọ́" sára èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.